Igi Olè Kì Í Rìn Láìní Ìwé: Ohun Tí Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Igi Kọ́ Mi

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa máa ń rò pé òru ni igi olè máa ń kọjá, nínú ọkọ̀ tí kò tan iná, tí awakọ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú igi olè tó gba iwájú mi kọjá, ọ̀sán gangan ló ń rìn, ìwé rẹ̀ sì pé. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Nígbà míì, ìwé rẹ̀ á tún mọ́ ju ti olóòótọ́ lọ, torí ẹni tó gé igi rẹ̀ bó ṣe yẹ kò retí pé ẹnì kan máa tú òun wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé igi wò fún àwọn tó fẹ́ rà á kí wọ́n tó sanwó. Oníbàárà á kó ìwé ránṣẹ́: ìwé àṣẹ tí ìjọba fi gba onígẹdú láyè nínú igbó kan, àkọsílẹ̀ àwọn igi tí wọ́n kà kí ayùn tó wọ ibẹ̀, ìwé ìrìnnà tó bá gẹdú dé sọ́míìlì, èyí tí sọ́míìlì kọ nígbà tó là á tán, àti ti àwọn aṣọ́bodè. Tèmi ni kí n wò ó bóyá ẹnu gbogbo wọn kò. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe òfin tó ń fi ìbọn lé onígẹdú nínú igbó ló ń dá igi jíjí dúró. Òfin tó ń mú kí ìṣirò dọ́gba láti kùkùté dé ilé ìtajà ni, tó sì ń mú ẹni tó rà á lọ síwájú adájọ́ bó ṣe ń mú ẹni tó gé e.

Lọ́dún 2012, INTERPOL, ìyẹn àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, àti UNEP, àjọ ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé e jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún igi tí wọ́n ń tà lágbàáyé, láti 15 sí 30 ni wọ́n gé lọ́nà àìtọ́, àti pé láwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ olóoru tí igbó ti pọ̀ jù, ó lè tó 50 sí 90. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìwé igi pẹ́ kò ní bá wọn jiyàn, yóò kàn rẹ́rìn-ín ni.

Irọ́ sábà máa ń ti inú àkọsílẹ̀ igi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìlànà ìjọba lórí igbó ni pé kí ẹni tó fẹ́ gégi kọ́kọ́ ka àwọn igi ńlá inú ilẹ̀ tí wọ́n fún un, kó wọ̀n wọ́n, kó kọ orúkọ wọn, kó sì fi ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ìgbà náà ni ìjọba á sọ iye kúbíìkì mítà tó lè gé. Ẹni tó bá wá kọ ọgọ́rùn-ún igi síbi tí ogójì wà ti ní ìwé fún ọgọ́ta igi tí kò sí láyé. Ìwé ọgọ́ta yẹn ni ọjà rẹ̀. Yóò tà á fún ẹni tó lọ gégi nínú igbó tí ìjọba dáàbò bò, tàbí lórí ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ kò mọ̀ sí. Igi wà, ìwé wà, ayédèrú kò sí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn rí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Brazil pẹ̀lú ipê, igi líle olówó ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ìtẹ́lẹ̀ ìta gbangba tí òjò àti oòrùn kì í tètè bàjẹ́. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé iye ipê tí àwọn onígẹdú ń kọ sínú ìwé ní ìpínlẹ̀ Pará ju ohun tí irú igbó bẹ́ẹ̀ ń ní lọ. Ní Peru, àjọ kan wà tó ń jẹ́ OSINFOR tí iṣẹ́ rẹ̀ wù mí gan-an. Òṣìṣẹ́ wọn á mú ìwé lọ sínú igbó, á fi GPS wá ibi tí ìwé ní igi kan dúró sí. Bí wọ́n bá ti gé e lóòótọ́, ó yẹ kí kùkùté wà níbẹ̀. Wọ́n á débẹ̀, wọn ò ní bá kùkùté, wọn ò sì ní bá igi tó dúró. Lọ́dún 2015, wọ́n tọ ipasẹ̀ ẹrù igi inú ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Yacu Kallpa, wọ́n sì rí i pé ohun tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù náà kò bófin mu. Ìwé ẹrù náà pé o. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n ti yọ ọ̀gá àjọ náà nípò. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kùkùté wíwá kì í ṣe iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń fẹ́.

Èmi kì í dé inú igbó lọ títí, nítorí náà sọ́míìlì ni mo ti ń ká wọn mọ́. Gẹdú kì í di pákó tán. Èèpo á lọ, etí á lọ, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ á kó tirẹ̀. Sọ́míìlì tó bá rí ìdajì gẹdú rẹ̀ mú jáde ní pákó tó ṣeé tà ti ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sọ́míìlì kan bá wá kọ̀wé pé òun ra ẹgbẹ̀rún kúbíìkì mítà gẹdú, òun sì ta ẹgbẹ̀rin kúbíìkì mítà pákó, mo mọ̀ pé gẹdú kan wọlé síbẹ̀ tí wọn kò kọ sílẹ̀. Kò sí ayùn tó mú tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìlò ìṣirò yìí lè ti inú òfin fúnra rẹ̀ wá. Ní Brazil, fún ọdún púpọ̀, òfin gbà pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún gẹdú máa di pákó. Sọ́míìlì tó bá jẹ́ pé ìdá 35 péré ló ń rí mú jáde ní ìdá mẹ́wàá ìwé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́, tí kò sì ní pákó tó máa fi tì í. Igi olè ló máa ń kún un. Lọ́dún 2016 ni wọ́n gé nọ́ńbà náà wálẹ̀ sí 35. Bí ẹ bá bi mí, àtúnṣe kékeré báyìí, tí kò dé ojú ìwé ìròyìn, níye lórí ju ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n rán wọ igbó fún ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ìwé ìrìnnà náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Mo ti rí i tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé gẹdú kúrò nínú igbó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó tún gbé òmíràn ní aago mẹ́sàn-án nínú igbó míì tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan sí ti àkọ́kọ́. Mo ti rí èyí tí nọ́ńbà ọkọ̀ inú rẹ̀ já sí ti alùpùpù. Awakọ̀ alùpùpù yẹn kó ogún kúbíìkì mítà gẹdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹ̀ ò sì yẹ̀. Àwọn ìwé yìí ti kọjá lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ní ibùdó àyẹ̀wò mélòó kan lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ ọ́, tí ibùdó kan kò lè rí ohun tí èkejì kọ, kò sí bí irú rẹ̀ kò ṣe ní kọjá, kódà bí kò bá sí rìbá nínú rẹ̀.

Orúkọ igi tún ni ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó. Pákó tí wọ́n ti fá, tí wọ́n ti kùn, kò ní ewé, kò ní èèpo, ẹnikẹ́ni lè pè é lóhun tó wù ú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀là kékeré ránṣẹ́. Màá fi abẹ tó mú rẹ́ ẹnu rẹ̀ níbi tí ayùn ti dá a ní ìbú, màá fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, màá wá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá lé e. Àwọn ihò tíntìntín tó ń fa omi gòkè nígbà tí igi náà wà láàyè á yọ síta. Bí ó bá jẹ́ igi oak, àwọn ihò ńlá á tò yí ká bí òrùka, ọdún kan òrùka kan, ìlà fífẹ̀ á sì máa ti àárín bọ̀ síta, èyí tí ojú lásán pàápàá ń rí. Bí ó bá jẹ́ merbau, igi líle kan láti ilẹ̀ Éṣíà, àwọn ihò náà fọ́n ká, nǹkan aláwọ̀ ìyeyè á sì wà nínú àwọn kan bí ìgbà tí èèyàn fi ìyẹ̀fun dí wọn. Mahogany kò ní ti ìyeyè yẹn. Oje pupa rẹ́súrẹ́sú ló sábà máa ń wà nínú tirẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ohun tí awò kò lè sọ ni ilẹ̀ tí igi ti hù. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ilé àyẹ̀wò tó ń wo DNA, tàbí tó ń wo irú omi òjò àti ilẹ̀ tí igi náà fi dàgbà, nítorí àwọn wọ̀nyí máa ń fi àmì sínú rẹ̀.

Mo mú merbau àti mahogany ṣe àpẹẹrẹ nídìí ni. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ Lumber Liquidators, tó ń ta pákó ìtẹ́lẹ̀ ilé, lẹ́bi láti san owó tó ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ. Wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn jẹ̀bi. Lára ohun tó wà nínú ẹ̀sùn náà ni merbau láti Myanmar tí wọ́n kọ sínú ìwé pé mahogany láti Indonesia ni, àti igi oak tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́ ní ìhà ìlà-oòrùn jíjìn ní Rọ́ṣíà.

Òfin tó mú wọn ni Lacey Act. Láti 1900 ló ti wà, ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Lọ́dún 2008 ni wọ́n fi igi kún un: ẹni tó bá kó igi wọ Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n rú òfin ibẹ̀, ti rú òfin Amẹ́ríkà náà. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ igi náà ní èdè àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gé e, bó ṣe pọ̀ tó àti iye owó rẹ̀. Australia ṣe òfin tiwọn ní 2012. Ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2013, ti Japan tẹ̀lé e ní 2017. Ṣáínà, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni gẹdú ayé pọ̀ jù ń lọ, fi sínú òfin igbó wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2020 pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ra igi tó mọ̀ pé wọ́n jí gé, tàbí kó gbé e, tàbí kó là á.

Èmi tí mo wà nídìí iṣẹ́ náà rí ìyàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè oníbàárà kan ṣoṣo ni: "Ṣé ìwé ẹ̀ wà?" Ìwé á wà, ọ̀rọ̀ á tán. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ olùrà, ìbéèrè wọn yí padà. Ta ló gé e? Igbó wo? Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Ẹni tí kò bìkítà nípa igbó rí di ẹni tó ń pè mí lálẹ́ nítorí kọ̀nténà kan. N kò rò pé ìfẹ́ igi ló wọ inú wọn. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ni, ó sì tó mi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì le láti jẹ́ kí àwọn olùrà gbà: òǹtẹ̀ ìjọba nìkan kò tó. "Ìjọba ló buwọ́ lù ú, ta ni èmi tí mo fẹ́ jiyàn?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nìyẹn. Ilé ẹjọ́ kan ní Sweden dáhùn ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2016, lórí igi tíìkì tó ti Myanmar wá. Ìwé tí wọ́n fún olùrà láti Myanmar ló mú wá, ilé ẹjọ́ ní kò sọ ibi tí wọ́n ti gé igi náà àti ẹni tó gé e, nítorí náà kò tó. Mo máa ń sọ ẹjọ́ yìí fún oníbàárà tuntun kí n tó sọ iye owó iṣẹ́ mi.

Àwọn ìjọba míì gbà pé kí wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn pa ló dára jù. Thailand fòfin de gígé igi nínú igbó àdánidá ní 1989, lẹ́yìn àgbàrá tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1988. Ṣáínà ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn àkúnya odò Yangtze ní 1998. Igbó tiwọn rí ìsinmi. Ẹni tó ń fẹ́ pákó kò sinmi, igbó Myanmar àti ti Rọ́ṣíà ni wọ́n yíjú sí. N kò lòdì sí ìfòfindè, àmọ́ bí orílẹ̀-èdè kan bá dá a ṣe, tí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ aládùúgbò ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu, olè kàn ń yí ẹnu ọ̀nà padà ni. Igi rosewood Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Pterocarpus erinaceus, ni àpẹẹrẹ tó dùn mí jù. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ìfòfindè ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbé jáde; bí ti ibí bá ti le, gẹdú á gba ibodè kejì jáde, á sì gba ìwé orílẹ̀-èdè yẹn. Lábẹ́ CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni kò ti gbọ́dọ̀ sọdá òkun láìní ìwé àṣẹ pàtàkì. Ìwé àṣẹ náà sì di ọjà. Ní 2022, CITES ní kí gbogbo ayé dá òwò igi náà dúró pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń hù lágbègbè náà lápapọ̀. Ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

Ibi kan wà tí n kò ti bá àwọn alágbàwí igbó púpọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí òfin le sí i lójoojúmọ́, wọn kì í béèrè ẹni tí yóò lè pa á mọ́. Gánà fòfin de kí èèyàn máa fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la pákó fún títà láti 1998. Síbẹ̀, pákó tó pọ̀ jù lọ́jà abẹ́lé wọn, ayùn yẹn ló là á. Sọ́míìlì ńláńlá ń là fún ilẹ̀ òkèèrè tó ń sanwó gidi, káfíńtà abẹ́lé náà sì ń fẹ́ pákó tí owó rẹ̀ ká a. Òfin gba ayùn lọ́wọ́ ẹnì kan, kò fi ibi tí ẹlòmíràn yóò ti rà hàn án. Igi tó bá dá hù nínú oko níbẹ̀, ìkáwọ́ ìjọba ló wà; onígẹdú tó ní ìwé lè gé e, kó bá kòkó jẹ́, àgbẹ̀ kì í sì í sábà rí owó ìtanràn tó jọ nǹkan. Àgbẹ̀ tó gbọ́n á ti pa igi náà kí ó tó dàgbà, tàbí kó pe onígẹdú òru kí òun náà rí nǹkan gbà. Ẹni tí igi kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ kò ní ṣọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin tó bá máa dá igi jíjí dúró gbọ́dọ̀ fi àgbẹ̀ yìí ṣe onígi.

Ohun tó ń mú inú mi dùn jù ni ibi tí wọ́n ti ṣí ìwé sílẹ̀ fún aráàlú. Ní Romania, láti 2016, ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó kó gẹdú lójú títì lè tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí fóònù, kó rí i bóyá wọ́n forúkọ ìrìn àjò yẹn sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, á pe ọlọ́pàá. Olè ṣì wà ní Romania, wọ́n tiẹ̀ ti pa ẹ̀ṣọ́ igbó níbẹ̀, àmọ́ onígẹdú kò lè gbára lé òkùnkùn mọ́. Indonesia, tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún igi tó ń lọ sí Yúróòpù ní ìwé FLEGT ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé igi bófin mu lábẹ́ àdéhùn wọn pẹ̀lú Yúróòpù, fi àyè sílẹ̀ nínú ètò wọn fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú láti máa yẹ àwọn ayẹ̀wéwò pàápàá wò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Gánà buwọ́ lu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 2009, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń tún ètò ṣe. Àwọn kan fi ìyẹn bú àdéhùn náà. Èmi wò ó pé kíka igi orílẹ̀-èdè kan láti kùkùté dé èbúté kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan, àgàgà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kà á rí.

Ní báyìí, òfin Yúróòpù tuntun lórí pípa igbó run, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2023, ti wọ inú iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Igi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti màlúù. Olùrà gbọ́dọ̀ fi ojú ilẹ̀ tí ọjà náà ti wá hàn gan-an lórí àwòrán ilẹ̀, ilẹ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó tí wọ́n pa run lẹ́yìn ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2020. Fún ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n ń fẹ́, ojú kan ṣoṣo kò tó.

Àwọn tó ń tajà kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Ẹnì kan fi nọ́ńbà ojú ilẹ̀ ránṣẹ́, mo gbé e sórí àwòrán sátẹ́láìtì, àárín òkun ló bọ́ sí. Ìyẹn kì í ṣe olè: ó kọ nọ́ńbà kejì ṣáájú ti àkọ́kọ́ ni, mo yí wọn padà, ó sì bọ́ sínú igbó tó ní ìwé fún. Ẹlòmíràn fi ojú kan ṣoṣo ránṣẹ́ fún ilẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà lọ, ojú náà sì bọ́ sí àgbàlá sọ́míìlì rẹ̀. Mo béèrè, ó ní ibẹ̀ náà ni igi ti wá. Mo ti kọ̀wé sí i pé kó fi ààlà igbó náà yíká ránṣẹ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn igi tí wọ́n kà níbẹ̀ àti ìwé ìrìnnà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò tíì fèsì, oníbàárà mi náà kò sì tíì sanwó.